Múfútáù Kò Lọ sí Kútọnu

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sọ ọ́ fún Sàlámọ̀tù ìyàwó mi títí tó fi kú. Orí ẹní kan náà la jọ ń sùn. Oṣù tó kọjá la sin ín. Mo rò pé èmi náà á gbé e wọ sàréè ni, àfi ìgbà tí rédíò tú mi láṣìírí nínú yàrá ara mi.

Wọn ò dárúkọ mi o. Ìtàn Jàpáànù ni wọ́n ń sọ.

Ètò kan wà láàárọ̀ tí wọ́n fi ń sọ ìtàn ayé ní Yorùbá. Mo ń mu ògì lọ́wọ́. Ọkùnrin tó ń sọ ọ́ ní àwọn ọlọ́pàá oníidà kan wà ní Jàpáànù láyé àwọn ọba àtijọ́. Ó ní ọmọ àgbẹ̀ làwọn kan nínú ọ̀gá wọn. Wọ́n fẹ́ di sàmúráì lójú méjèèjì, ìyẹn àwọn jagunjagun tí wọ́n ń gbé idà kọ́ ìbàdí. Ìjọba wá ní kí wọ́n máa ṣọ́ ìlú tí ọba ń gbé. Wọ́n wọ ẹ̀wù aró fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi funfun ṣe etí apá rẹ̀ ṣóńṣó ṣóńṣó bí eyín ayùn. Ó ní bí ẹ̀wù yẹn bá ti yọ lókèèrè, ẹ̀rù á ba gbogbo ìlú.

Télọ̀ ni mí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù ló kọ́kọ́ gba etí mi.

Ó wá ka òfin wọn. Ó ní ẹni tó bá ti wọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ jáde mọ́. Ẹni tó bá jáde, wọ́n á ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ la ikùn ara rẹ̀. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn sá lọ, wọ́n sì rán ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ pé kó lọ mú un wá. Kò bá a jà. Ó tẹ̀lé e padà, ó sì kú.

Kọ́ọ̀pù ògì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo kígbe. Ṣìfáwù ọmọ mi sáré wọlé.

"Bàbá, kí ló dé? Ṣé ó jó yín ni?"

Mo ní ó jó mi. Irọ́ ni. Ògì yẹn ti tutù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mowe ni mò ń gbé báyìí, ṣùgbọ́n Ibafo ni mo ti ń ránṣọ nígbà tí ara ṣì le. Olè dààmú wa nígbà náà. Wọ́n kó gbogbo ọjà Ìyá Sùlè oníbúrẹ́dì. Wọ́n ṣá Àkànní tó ń ta táyà lọ́wọ́. Ni àwọn lánlọ́ọ̀dù bá dá ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀, wọ́n fi Kàmọ́rù ṣe olórí, a sì ń pè é ní Kọ́mándà. Èmi ni mo rán ẹ̀wù wọn. Kakí ni, mo fi aṣọ pupa yí i lápá. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn, mi ò ní purọ́. Mo mọ ìwọ̀n àyà gbogbo wọn: Láṣùn, Mọ́nsúrù, Gànìyù olójú kan. Múfútáù ni apá tirẹ̀ gùn jù.

Olè lọ lóòótọ́. A yọ̀, a dúpẹ́. Nígbà tó yá, àwọn tó lé olè lọ la wá ń sá fún. Bí wọ́n bá ń bọ̀, ẹni tó ń lọ ata á dá ọlọ dúró. Ẹni tó bá bá Kọ́mándà jiyàn lónìí lè di olè lọ́la. Òfin tiwọn náà ni pé ẹni tó bá ti wọ ẹ̀wù yẹn kò gbọdọ̀ bọ́ ọ, nítorí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé kí lojú ọ̀hún rí. Èmi náà ò bi wọ́n.

Múfútáù ni ọ̀rẹ́ mi. Bíríkìlà ni. Ifo la ti jọ dàgbà, ilé kéú kan náà la lọ. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsárì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ju ẹ̀wù rẹ̀ sórí máṣíìnì.

"Ràfíù alábẹ́rẹ́ kíkú, bá mi tú u. Fi rán ṣòkòtò fún Ràṣídì ọmọ mi."

Mo ní, "Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ẹ̀wù Kọ́mándà lo fẹ́ fi rán ṣòkòtò ọmọdé?"

"Ẹ̀wù ta ni? Ṣé àyà Kọ́mándà lo wọ̀n nígbà tí o fẹ́ rán an ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó ní wọ́n ti lu ọmọ Ìyá Sùlè títí ọmọ náà fi dákẹ́, ọmọ náà kò sì jalè. "Mo dì í lẹ́sẹ̀ mú, Ràfíù. Èmi gan-an ni mo dì í lẹ́sẹ̀ mú." Ó ní òun ń lọ sí Ifo lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá òun. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Mùsílí ìyàwó òun. Tó bá rọlẹ̀, òun á ránṣẹ́ pè é.

Mo tú ẹ̀wù náà. Kò tíì kúrò nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Kọ́mándà wọlé lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó mú apá ẹ̀wù kan nílẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nà án.

"Télọ̀, apá tó gùn báyìí, ta ló ni ín?"

Mo lè sọ pé ó ya ni wọ́n fi gbé e wá. Mo lè sọ pé mi ò mọ ibi tó lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kò nà mí o. Kò tiẹ̀ pariwo. Ẹnu mi ló sọ pé Ifo ló wà.

Ó ní kò sí ìjà. Ó ní kí Múfútáù kàn wá dá ẹ̀wù padà lójú gbogbo ẹgbẹ́, kó sì máa lọ ní àlàáfíà. Bí òun bá rán Mọ́nsúrù, á sá. Bó bá jẹ́ èmi, á tẹ̀lé mi. Ẹ wò ó, ẹ̀wù wo ló fẹ́ wá dá padà, nígbà tí ó ti wà nílẹ̀ ní títú níwájú àwa méjèèjì? Ìbéèrè yẹn dé ẹnu mi. Mo gbé e mì.

Mo lọ sí Ifo, mo bá Múfútáù níbi tó ti ń po sìmẹ́ńtì.

Ó ní, "Wo ẹnu ẹ bó ṣe gbẹ! Ṣé ẹsẹ̀ lo fi rìn dé Ifo ni?"

Ó ní kí wọ́n fún mi ní omi, wọ́n gbé ẹ̀bà wá, a jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan. Mo jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ó wò mí.

"Ṣé ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó tán." Ó dìde, ó lọ fọ sìmẹ́ńtì kúrò lẹ́sẹ̀.

Ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí ni ẹgbẹ́ Kọ́mándà ń lò ní Ibafo, ibẹ̀ ni mo mú un lọ. Gànìyù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́mándà ní, "Télọ̀, máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ." Mo yí padà. Múfútáù pè mí, "Ràfíù!" Kì í ṣe igbe. Ó pè mí bí ẹni tí mo gbàgbé nǹkan sí lọ́wọ́. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Òòrùn ṣì wà lókè, àwọn ènìyàn ń rajà ní títì.

Mi ò rí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Mi ò mọ ibi tí wọ́n gbé e sí.

Kọ́mándà ní kí n lọ sọ fún Mùsílí pé ọkọ rẹ̀ ti bá obìnrin kan lọ sí Kútọnu. Mo lọ sọ ọ́. Mo tún fi tèmi kún un. Mo ní obìnrin náà pupa. Ẹ gbà mí o! Ta ló rán mi pé kí n sọ pé ó pupa?

Rédíò náà kò tíì tán. Ọkùnrin yẹn ní nígbà tí ìjọba yí padà, wọ́n bẹ́ orí olórí àwọn oníidà náà. Kọ́mándà tiwa kú sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ṣe àdúrà rẹpẹtẹ fún un, mo sì jókòó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dá mi níjì jù ni pé wọ́n sin ẹni tó sá yẹn dáadáa. Orúkọ rẹ̀ wà lára sàréè, àwọn ènìyàn ń lọ wò ó títí dòní. Àwọn apààyàn tí gbogbo ìlú ń sá fún, wọn ò parọ́ mọ́ òkú rẹ̀. Èmi télọ̀, tí mi ò mú idà rí, mo pa irọ́ mọ́ tiwa, mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́.

Nígbà fídáù ìyàwó mi, Mùsílí dé kí àwọn àbúrò mi tó dé. Ó gbálẹ̀, ó fọ abọ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

Ó ní, "Bàbá Ṣìfáwù, ẹ má sunkún mọ́. Tiyín kú sílé ọkọ, ẹ mọ ibi tó sùn sí. Tèmi ńkọ́? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rí ojú rere níbi tó bá wà. Mo ti sọ fún Ràṣídì, lọ́jọ́ tí mo bá kú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè mí ní aya Múfútáù nínú àdúrà."

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín. Ẹ gbọ́ mi bí? Mo ṣe àmín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ bá mi dá sí i. Bí mo bá sọ ọ́ fún Mùsílí, á mọ̀ pé aláìṣẹ̀ ni òun ti ń ṣẹ́ èpè fún láti ọjọ́ yìí wá. Ara rẹ̀ kò le, ó lè pa á. Bí mi ò bá sọ ọ́, èpè yẹn náà ni á gbé dé iwájú Ọlọ́run. Ohunkóhun tí Ràṣídì bá fẹ́ fi mí ṣe, ó tọ́ sí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Mùsílí á tún wá kí mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo ti ń dán ọ̀rọ̀ náà wò lémi nìkan nínú yàrá. "Ìyá Ràṣídì, Múfútáù kò fi yín sílẹ̀." Ibẹ̀ ni ohùn mi ń dá sí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ tẹ̀lé e?