Ọ̀bẹ Àpò Tí Mo Pààrọ̀ Èèkù Rẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Mafoluku, ẹ̀yin ará Òṣòdì àti Okota, àti ẹnikẹ́ni tí ìwé yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí nínú fún ọdún mẹ́ta, n kò sì lè gbé e wọ bàlúù. Èmi Múdàṣírù, oníṣẹ́ wáyà iná, ọmọ Ìwó, ń lọ sí Mẹ́kà lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Owó wáyà ló ń gbé mi lọ, torí gbogbo èèyàn ló ń kọ́lé láyé epo rọ̀bì tí a wà yìí, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jókòó sínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n Àáfà wa ti là á mọ́lẹ̀ fún àwa tí a ń lọ pé ẹni tó bá gbé ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì sọ́rùn dé ibẹ̀, ìyà lásán ló fowó ara rẹ̀ rà. Gbogbo èèyàn ń mi orí, èmi nìkan ni mo ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́ta péré ló ti rẹ̀ ẹ́. Mo jẹ́ kí orúkọ ọmọlúàbí kan bàjẹ́ nítorí ọ̀bẹ.

Ní ọdún 1974, ilé oníyàrá mẹ́wàá kan la jọ ń háyà ní Mafoluku. Bàlúù ń gba orí òrùlé wa kọjá débi pé bí tọkọtaya bá ń jà, wọ́n ní láti dánu dúró kó kọjá kí wọ́n tó máa bá ìjà wọn lọ. Èmi àti Wàsílátù ìyàwó mi wà ní yàrá tó kángun sí ẹ̀yìnkùlé. Bàbá Abórìṣàdé, ará Ìkirè, tó ń tún òdòdó ṣe ní pápákọ̀ òfurufú, ń gbé lápá iwájú. Yàrá Ẹ̀gbọ́n Mùktárù, téló, ọmọ Ìṣẹ́yìn, sì dojú kọ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì, ewú tó kún orí Abórìṣàdé ló jẹ́ ká máa pè é ní Bàbá. Ọ̀kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ń lọ mọ́sálásí, ṣùgbọ́n inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá tètè dé á dúró de ẹnì kejì, ebi ì báà máa pa á kú lọ. Wọn a máa jiyàn lórí ohun gbogbo, láti orí òjò títí dé orí ẹran tó kù nísàlẹ̀ àwo, síbẹ̀ bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, èkejì kì í lọ síbi iṣẹ́.

Bàbá Abórìṣàdé ní ọ̀bẹ àpò kan, irú èyí tí ojú rẹ̀ máa ń ká wọ inú èèkù. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fi ta á lọ́rẹ. Bàbá fi irin gbígbóná fa ilà mẹ́ta sára èèkù eegun rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilà tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ òun fúnra rẹ̀. Ó ní ọmọ òun ni, ó gbọ́dọ̀ jọ òun. Mùktárù nìkan ló ń yá a, láti fi tú ojú rírán aṣọ. Nígbà tí òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀, ọ̀bẹ di àwátì. Bàbá ní, "Mùktárù, ọ̀bẹ mi dà?" Mùktárù ní, "Mo ti dá a padà fún ẹ lọ́jọ́ Sátidé." "Mi ò rántí." "Ṣé olè lò ń pè mí ni?" "Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ọ̀bẹ mi ni mo ní ó dà." Báyìí ni ìjà ṣe dé. Àwo kan di méjì. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àwọn obìnrin ilé ti ń gbé ìkòkò wọlé bí Mùktárù bá ń bọ̀ lẹ́yìnkùlé. Oníbàárà rẹ̀ kan wá kó aṣọ rẹ̀ lọ láìtíì rán an.

Èmi ni wọ́n fi ṣe oníṣẹ́ láàárín ara wọn. Bàbá á ní, "Múdà, bá mi sọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn kó yí rédíò rẹ̀ sílẹ̀." Ọ̀gbẹ́ni yẹn kò sì jìnnà sí i ju ìdiwọ̀n apá kan lọ. Màá yí ọrùn, màá ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí ẹ yí rédíò sílẹ̀." Mùktárù á ní, "Sọ fún un pé etí rẹ̀ ló lọ sókè jù." Màá tún yí ọrùn padà. Ẹ̀rín a máa pa mí nígbà náà, n kò mọ̀ pé ẹkún ara mi ni mo ń rín.

Ní oṣù keje ni mo lọ sí ọjà Bọ́ládé lọ wá ọ̀bẹ rà. Eyín ni mo ti fi ń bó wáyà látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan nínú eyín iwájú mi sì ti ń mì. Ìyá Abọ́sẹ̀dé tẹ́ àpò ìdọ̀họ sílẹ̀ lẹ́bàá ojú irin, ó kó irin àlòkù lé e: ẹnu ẹ̀rọ omi, àgádágodo tí kò ní kọ́kọ́rọ́, ìdajì súkúdíráfà. Láàárín wọn ni mo ti rí nǹkan kan tí ẹrẹ̀ àti ìpẹtà ti lẹ̀ pọ̀. Mo ní, "Ìyá Abọ́sẹ̀dé, kí lèyí?" Ó ní, "Ọ̀bẹ ni." Mo ní, "Ṣé ó ń ṣí?" Ó ní, "Bó o bá ní sùúrù, á ṣí. Bí ọkọ mi náà ṣe rí nìyẹn." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, mo sanwó, mo gbé e sápò.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ̀gbádùn ẹnu mi díẹ̀ níbí, torí iṣẹ́ tí mo ṣe lára ọ̀bẹ yẹn, inú mi ṣì ń dùn sí i títí dòní. Mo rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì nínú agolo mílíìkì fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta mo fi ìka fà á, ó ké "kẹ́ẹ́", ojú rẹ̀ yọ síta. Mo fi eérú àti iyanrìn kíkúnná ha ìpẹtà náà, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ gbogbo oríkèé rẹ̀. Epo tí mo kán sí i, epo ẹ̀rọ ìránṣọ Ẹ̀gbọ́n Mùktárù ni. Ó bù ú fún mi, ó ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo wá bomi sórí òkúta, mo ń pọ́n ọ̀bẹ, mo ń pọ́n ọn, títí tó fi ń fá irun apá mi láìsí ọṣẹ. Wàsílátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Lará, láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi, ẹ ò wò mí báyìí rí."

Èèkù ni mo fọ̀ kẹ́yìn. Bí ẹrẹ̀ ṣe ń ṣí kúrò ni ilà kan yọ, ó di méjì, ó di mẹ́ta. Mo jókòó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá Abórìṣàdé ni mo ń wò lórí itan mi. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí tèmi. Bí mo bá dìde nígbà náà, ìjà á parí kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Ṣùgbọ́n mo ti fẹ́ràn ọ̀bẹ náà. Mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò: mo rà á, n kò jí i, ìpẹtà ni mo rà, èmi ni mo sọ ọ́ di ọ̀bẹ. Múdàṣírù, o kú irọ́! Mo mú fáìlì, mo fá ilà náà. Òjìji rẹ̀ ṣì ń hàn, ni mo bá kan ìdè rẹ̀ yọ, mo ju eegun náà sínú ṣáláńgá. Mo gé pátákó ìrókò tó ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ káfíńtà kan, mo gbẹ́ ẹ mọ́ ọn, mo fi wáyà bàbà tó nípọn ṣe ìdè, mo fi òòlù lù ú pẹ́pẹ́. Ó rẹwà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti fá ilà ojú ọmọ ọlọ́mọ, mo sọ ọ́ di ọmọ tèmi.

Ọ̀bẹ náà ṣiṣẹ́. Nígbà tí owó Údójì dé, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́, tí gbogbo ilé tuntun ní Ìsọlọ̀ ń fẹ́ fáànù àti fíríìjì, òun ni mo fi ń bó wáyà láàárọ̀, òun ni mo fi ń gé búrẹ́dì lọ́sàn-án. Bàbá Abórìṣàdé gan-an yá a lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó fi bó ọsàn. Ó ní, "Múdà, ìwọ mọ nǹkan tọ́jú, kì í ṣe bíi ti àwọn kan." Ẹ̀gbọ́n Mùktárù tó wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́, ó sì tẹ orí ba. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. N kò lè ju ọ̀bẹ nù, n kò lè gbádùn rẹ̀.

Èyí tó burú jù lọ ni mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bú mi. Ní òpin ọdún 1975, ara Ẹ̀gbọ́n Mùktárù kò gbà á mọ́, ó ń kó lọ sí Okota. Kò sẹ́ni tó bá a gbé ẹrù àfi èmi. A to àpótí àti ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́yìn ọkọ̀, a ń fi okùn dì í. Ó ní, "Bá mi gé e níbí." Ọwọ́ mi kò dúró de ọpọlọ mi, mo yọ ọ̀bẹ, mo gé okùn. Ó wo ọ̀bẹ, ó ní, "Ọ̀bẹ gidi rèé." Ó wá gbé ọwọ́ lé mi léjìká: "Nínú gbogbo ilé yìí, ìwọ nìkan ni ò fojú olè wò mí. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n bà ẹ́ lórúkọ jẹ́." Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi, mo sì ṣe àmín. Àmín yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ìgbà náà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì sí yàrá mi, n kò sọ fún ọ̀kan pé èkejì ń bọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n kẹ̀yìn síra. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé ọ̀bẹ sórí ẹní, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìfi ṣáláńgá pamọ́. Bàbá mú ọ̀bẹ, ó ṣí i, ó pa á dé. Ó ní, "Èyí kọ́. Tèmi máa ń mì lọ́rùn." Mùktárù fa ọ̀bẹ gbà: "Òun ni. Wo ẹnu ẹ̀ tó ṣẹ́ níjọ́ tó o fi ṣí agolo sàdíìnì." "Èmi kẹ̀? Ìwọ lo ṣẹ́ ẹ!" "Ìwọ ni! Gbogbo nǹkan lo máa ń bàjẹ́. Àpò ṣòkòtò iṣẹ́ ẹ tó lu ńkọ́, tí mo ní kó o gbé wá kí n rán?" Bàbá fẹ́ dáhùn, ó gbé ọwọ́ lé àpò rẹ̀. Ó ní, "Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé Sátidé yẹn, ní Bọ́ládé, èrò fún wa pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ló ti gba ojú ihò yẹn já bọ́." Ó ṣí fìlà. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mùktárù, mo jẹ̀bi ẹ. Mi ò bèèrè lọ́wọ́ àpò mi kí n tó bèèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi." Wọ́n di mọ́ra wọn. Èmi ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀, wọ́n ti gbàgbé mi.

Bàbá ló kọ́kọ́ dárí jì mí. Ó ní kí n dìde, pé ọ̀bẹ òun ló lọ sí iléèwé tó wá kàwé jáde. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n Mùktárù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi ò tíì dárí jì ẹ́, Múdà. Abórìṣàdé pàdánù ọ̀bẹ, ó ti rí i. Orúkọ tèmi ńkọ́? Àwọn tó ń gbé ìkòkò sá fún mi ò sí nínú yàrá yìí. Ibikíbi tí irọ́ yẹn bá dé, rán òtítọ́ lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá bá mi."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó mi ń tẹ̀ lé mi, bí mo bá fẹ́ fo apá kan nínú ìtàn náà, á gbún mi nígbọ̀nwọ́. Àwọn ará ilé míì ti kó lọ sí Agége, àwọn kan ti padà sílé, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa ra àlòkù, ẹ máa tún un ṣe, iṣẹ́ iyì ni; ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ojú olóhun lára rẹ̀, ẹ gbé e lọ fún un lọ́jọ́ náà, kí ìfẹ́ rẹ̀ tó wọ̀ yín lára. Ẹ̀gbọ́n Mùktárù, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ ka èyí tó kù sókè fún ẹni tó jókòó tì yín: Mùktárù, téló, ọmọ Ìṣẹ́yìn, tó ń gbé Okota, kò jalè. Èmi ni mo mọ̀, tí mo panu mọ́.