Abẹ́rẹ́ Tí Mo Fi Gún Ẹja Igi Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan kiri nínú mi. N kò sọ ọ́ fún pásítọ̀, n kò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi kí ó tó kú. Mo rò pé yóò jẹrà síbẹ̀ ni. Kò jẹrà. Òní ni Ọjọ́rú. Bí Sátidé bá kọjá láìjẹ́ pé mo ṣe nǹkan kan, ọkùnrin kan lè kú pẹ̀lú ẹ̀sùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé lónìí.

Ọmọ mi ló fi ojú ewé yìí hàn mí lórí fóònù, pé àwọn èèyàn máa ń gba ara wọn nímọ̀ràn níbẹ̀. Kò mọ̀ pé èmi fúnra mi máa kọ nǹkan síbẹ̀. Mo ti yí orúkọ gbogbo wa padà.

Aránṣọ ni mí. Tudun Wada, ní Minna níbí, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni èmi àti ọkọ mi, ṣùgbọ́n ibí la ti di àgbà. Káfíńtà ni ọkọ mi. Bàbá Dúpẹ́ ni mò ń pè é. Dúpẹ́ lọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa, ó sì ti wà nílé ọkọ.

Bàbá Dúpẹ́ fẹ́ràn ẹja pípa ju oúnjẹ lọ. Ìwọ̀ ló fi ń pa á, kì í lo àwọ̀n. Kì í sì í fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀ bí àwọn yòókù. Igi ló máa ń gbẹ́ ní ẹja kékeré, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Yóò kùn ún lọ́dà, yóò fi fáníìṣì bò ó kí omi má baà wọnú igi, yóò gé pẹlẹbẹ agolo mílíìkì sí i lẹ́nu kí ó lè máa ju ìdí bí wọ́n bá ń fà á lọ nínú omi. Ẹja ńlá yóò rò pé ọmọ ẹja ló ń sá lọ, yóò gbé e hán, ìwọ̀ yóò sì kọ́ ọ lẹ́nu. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní ṣé ẹja náà ti wá ń jẹ pákó ni.

Ṣùgbọ́n igi fúyẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ní òjé nínú ikùn kí ó tó lè dúró dáadáa nínú omi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí mo máa pè ní Sùlé ló ń bá a rọ òjé náà. Ọmọ Ìlọrin ni Sùlé, fọkanáísà ni, etí títì ló ti ń lẹ táyà. Ó máa ń ṣa àwọn òjé kéékèèké tó bá já bọ́ lára wíìlì mọ́tò, yóò yọ́ wọn nínú agolo lórí iná èédú, yóò rọ ọ́ sínú ihò tí Bàbá Dúpẹ́ bá gbẹ́ sí ikùn ẹja náà. Bí òjé bá wà láàárín gan-an, ẹja igi á wẹ̀ dáadáa. Bí ó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á dùbúlẹ̀ bí òkú.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń dán an wò nílé wa, nínú bááfù tí mo fi ń fọṣọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa fa òwú láti òpin kan bááfù dé òpin kejì, kí ẹlòmíràn sì kúnlẹ̀ máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Èmi ni mò ń fa òwú. Òwú mi ni, láti ṣọ́ọ̀bù mi. Bàbá Dúpẹ́ á ní, "Rọra fà á, Ìyá Dúpẹ́, ẹja kì í sáré bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà yóò gbé èyí tó bá dára jù fún mi kí n fi pamọ́ sínú agolo òwú mi di àárọ̀ Sátidé, nítorí eku máa ń jẹ ọ̀dà ara rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Èmi ló ń gbé e fún pamọ́.

Sùlé kì í ṣe ọ̀rẹ́ lásán nínú ilé wa. Ọjọ́ tí mo rọbí Dúpẹ́, òjò ń rọ̀, kò sí mọ́tò. Alùpùpù Sùlé ló gbé mi dé ọsibítù. Nígbà tí Bàbá Dúpẹ́ lọ wá oògùn tí wọ́n kọ fún wa, Sùlé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun ló kọ́kọ́ gbọ́ igbe ọmọ mi kí bàbá rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ nìyẹn.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, omi gbé ọkùnrin kan lọ ní dáàmù tí wọ́n ti ń pẹja. A mọ ọkùnrin náà, èmi ni mo rán aṣọ ìgbéyàwó ìyàwó rẹ̀. Àyà mi já. Mo bẹ Bàbá Dúpẹ́ pé kó fi ẹja pípa sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kì í wọ inú omi, etí omi lòun ń dúró sí. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí n jọ̀wọ́ òun. Mo wá rò ó pé bí àwọn ẹja igi rẹ̀ kò bá pa nǹkan kan mọ́, yóò sú u, yóò jókòó sílé.

Ní Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí ó gbé èyí tó wẹ̀ dáadáa fún mi pamọ́, mo mú abẹ́rẹ́ mi, mo gún ẹja náà ní ẹ̀gbẹ́ ikùn lápá kan, ihò mẹ́ta, mo gún un la fáníìṣì kọjá títí ó fi dé ara igi. Mo mú ọṣẹ pẹlẹbẹ tí mo fi ń sàmì sára aṣọ, mo fi dí ojú ihò náà. Ẹ ò lè rí i, àfi bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ máa wò. Ọṣẹ náà á yọ́ nínú omi, omi á wọnú igi lápá ibẹ̀, ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í fì.

Mo tiẹ̀ dán an wò. Nígbà tí ọkọ mi kò sí nílé, mo pọnmi sí bááfù, mo fi èyí tí kò wúlò fún un mọ́ ṣe é, mo ń fa òwú lọ, mò ń fà á bọ̀. Ó kọ́kọ́ ń wẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó rọra dùbúlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí bí ó ṣe yọrí tó, síbẹ̀ inú mi dùn, bí inú èèyàn ṣe máa ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ojú ń tì mí láti kọ èyí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ni mo fi ń ṣe é. Bàbá Dúpẹ́ á lọ pẹ̀lú ayọ̀, á padà pẹ̀lú ojú fífà ro. Ti Sùlé, tí òun náà fi ń pẹja, kì í sì í dùbúlẹ̀. Níkẹyìn, Bàbá Dúpẹ́ fi ọ̀bẹ la ọ̀kan sí méjì. Ó rí i pé inú igi ti rin lápá kan. Káfíńtà ni, kò jẹ́ rò pé abẹ́rẹ́ ni. Ó ní òjé tó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ ló sán igi náà. Ó ní Sùlé mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ bá a létí títì. Àwọn oníbàárà Sùlé wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bàbá Dúpẹ́ ní, "Iná kan náà, òjé kan náà. Kí ló dé tó jẹ́ tèmi nìkan ló ń sán?"

Sùlé ní, "Haba, Bàbá Dúpẹ́. Kí ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ?"

"Orúkọ ni. Kí wọ́n lè máa sọ pé ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe jù."

Sùlé yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyàwó wa, ìwọ lò ń fa òwú. Wallahi, bá mi sọ fún un. Ṣé kò ń wẹ̀ dáadáa kó tó kúrò nílé ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Bí mo bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìtìjú ọjọ́ kan ni ì bá jẹ́. Ohun tí mo sọ ni pé, "Èmi kò mọ nǹkan kan nípa òjé o."

Sùlé gbé agolo òjé tó wà lórí iná, ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, òun àti ọkọ mi kò kí ara wọn mọ́. Nígbà tó yá, ó kó lọ sí Tayi Village.

Mo kọ ọ́ sókè pé ìbẹ̀rù omi ló mú mi ṣe é. Mo ti kà á padà, mo sì rí i pé mo ṣì ń fi nǹkan pamọ́. Ìbẹ̀rù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo tún ń jowú. Ní gbogbo Sátidé, èmi a máa gbọ́ ẹ̀rín ọkọ mi àti Sùlé láti ìta. Bí ó bá ti wọlé báyìí, ẹ̀rín náà á parí, á béèrè oúnjẹ, á sùn. Mo fẹ́ kí ó mú ẹ̀rín yẹn wọlé wá bá mi. Ó jókòó sílé lóòótọ́, gbogbo Sátidé, fún ọdún mẹ́sàn-án. Kò sí ẹ̀rín kankan. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń fi ojú lásán wọn pákó tẹ́lẹ̀, ó ti di ẹni tó ń wọn pákó kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó gé e. Ó di ẹ̀bi ru Sùlé ní gbangba, ṣùgbọ́n ní kọ̀rọ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni kò fọkàn tán mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó Sùlé wá sílé wa. Ó ní ara Sùlé kò yá, ó ti pẹ́ díẹ̀, àwọn dókítà sì ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ mi. Ó ní, "Ó ní kí n sọ fún yín pé gbogbo òjé tí òun rọ, òun máa ń dán an wò nínú omi kí òun tó gbé e fún yín. Kò béèrè nǹkan mìíràn. Ó ní kí ẹ wá jókòó ti òun ni."

Ọkọ mi ní, "A ó rí i." Èmi ni mo sìn ín dé títì. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní Ọlọ́run yóò san án fún mi. N kò lè ṣe àmín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Dúpẹ́ gbé ọ̀bẹ ìgbẹ́gi rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó gbẹ́ ẹja kan. Ó lọ wá òjé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní Jikpan, ó yọ́ ọ, òun fúnra rẹ̀ ló rọ ọ́. Lánàá ó pọnmi sí bááfù, ó pè mí kí n wá fa òwú. Ẹja náà wẹ̀, ó ń ju ìdí bí ẹni tó ń jó. Àfi bíi pé ọdún mẹ́sàn-án kò kọjá rí.

Ó wá ní, "Ní Sátidé, màá gbé e lọ sí dáàmù. Bí èyí bá wẹ̀ títí mo fi ṣe tán, a jẹ́ pé Sùlé ló ń bà á jẹ́ lóòótọ́, n kò sì ní í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá tún dùbúlẹ̀, a jẹ́ pé ọwọ́ tèmi ni kò dára. Màá lọ dọ̀bálẹ̀ fún un."

Ó sì gbé ẹja náà fún mi kí n fi pamọ́.

Ẹ wo ibi tí mo kó sí. Bí n kò bá fọwọ́ kàn án, yóò wẹ̀, Sùlé yóò sì kú sínú ẹ̀sùn náà. Bí mo bá tún gún un, ọkọ mi yóò lọ bẹ̀ ẹ́, wọn yóò jókòó pọ̀, bóyá wọn yóò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Bàbá Dúpẹ́ yóò gbà títí ayé pé ọwọ́ òun ti bàjẹ́, èmi yóò sì ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mo bá sọ òótọ́, kò ní í lù mí, kò lù mí rí. Yóò dákẹ́ ni. Ẹ ò mọ bí ìdákẹ́jẹ́ ọkùnrin náà ṣe ń rí. Mo ti gbé inú rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí kò tíì mọ̀ pé èmi ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí n máa gbàdúrà. Mo ti gbà á. N kò lè jókòó, n kò lè ránṣọ. Aṣọ oníbàárà kan wà nílẹ̀ tí mo ti tú lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé mo rán apá òsì mọ́ ọ̀tún. Ẹ sọ ohun tí ẹ bá fẹ́ ṣe bí ẹ̀yin bá ni èmi. Bí ẹ bá sì fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ fi ìmọ̀ràn sí i.

Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, Bàbá Dúpẹ́ yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, ẹja mi ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà nínú agolo òwú."

Ó ní, "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án o. Ọwọ́ rẹ nìkan ló kù tí mo fọkàn tán."

Ó ti padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Agolo náà ló wà níwájú mi yìí. Ẹja wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.