Bí Mo Ṣe Jí Ìṣirò Ràmúlátù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí lundi, ọjọ́ Ajé, tó pé, torí lundi ni mo máa kọ́kọ́ di ṣọ́ọ̀kì mú níwájú àwọn ọmọ iléèwé ní Yopougon, ní Abidjan níbí, èmi Tóyìn, tísà! Olè ni mí. Inú orí ọ̀rẹ́ mi ni mo ti jalè.

Ọdún quatre-vingt-huit ni, 1988, ní Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan, a wà ní CM2, kíláàsì tó gbẹ̀yìn nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi àti Ràmúlátù la jọ ń jókòó. Kò tíì ju ọdún méjì lọ tí wọ́n mú un dé láti Ìgbòho, Faransé ẹ̀ ò ju nọ́ńbà lọ, àmọ́ tó bá di calcul mental, ìṣirò inú orí yẹn, kò sẹ́ni tó lè bá a. Èmi tí wọ́n bí sí Abidjan, ìka ni mò ń kà lábẹ́ tábìlì. Ó rí mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Tóyìn, bọ́ bàtà, ìka ọwọ́ ẹ ò ní tó." Mo bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Ó di vendredi kan, ọjọ́ Ẹtì. Maître, tísà wa, ní trente-huit fois cinq, méjìdínlógójì lọ́nà márùn-ún. Ó fi rúlà gbá tábìlì, ká gbé síléètì sókè. Mo ṣì ń ka ìka, mo bá yọjú wo ti Ràmúlátù, mo kọ 190. Àwa méjèèjì nìkan la gbà á. Maître ní ta ló wo ti ẹnì kejì. Ó ní kí Ràmúlátù sọ bó ṣe ṣe é. Faransé há a lọ́fun, ló bá kọjú sí mi: "Bá mi sọ fún un. Méjìdínlógójì, ṣebí ogójì ló dín méjì. Ogójì lọ́nà márùn-ún, igba. Méjì lọ́nà márùn-ún, mẹ́wàá. Yọ ọ́ nínú igba, ó parí."

Mo mọ̀ pé bàbá ẹ̀ ti búra pé tí wọ́n bá tún fẹjọ́ ẹ̀ sùn, ó ti kúrò níléèwé nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n! Mo ṣì la ẹnu burúkú mi. Mo ní, maître, ó ní òun wo tèmi ni, èmi ni mo ṣe é: quarante fois cinq, deux cents, moins dix.

Ràmúlátù gbọ́ nọ́ńbà ẹ̀ níbẹ̀ pé pérépéré, ogójì, igba, mẹ́wàá, ó rò pé iṣẹ́ tó rán mi ni mo jẹ́. Maître bi í pé ṣé òótọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni: "Oui, maître."

Wọ́n nà án. Ó ń bi mí pé kí ló dé, mo ní maître ò gbà á gbọ́ ni, pé mo bẹ̀ ẹ́ títí. Wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá ẹ̀. Nígbà tó fi máa di lundi, àyè ẹ̀ ti ṣófo.

Mo rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń ta aṣọ nínú ọjà. Ó dì mọ́ mi, ó sọ fún oníbàárà ẹ̀ pé, "Ọ̀rẹ́ mi rèé, òun ló bá mi bẹ maître lọ́jọ́ tí wọ́n nà mí."

Ẹ̀yin ọmọdé, tẹ́nì kan bá fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ sí yín lẹ́nu, ẹ gbé e débi tó rán yín. Ràmú, ìwọ lo ṣe ìṣirò yẹn. Lọ́la mò ń bọ̀ nídìí ọjà ẹ, màá sọ ọ́ fún ẹ ní Yorùbá, kò ní sí ògbufọ̀ láàárín wa. Dákun, forí jì mí kí n tó di ṣọ́ọ̀kì yẹn mú.