Orúkọ Ni Etí Kọ́kọ́ Ń Dì Mú

Ẹ̀gbọ́n mi Àdùkẹ́ ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Ẹ̀yìn ìyá àgbà kan àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló tò sí, níbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ ní Ìgándò. Ìyá àgbà náà ń ròyìn ìyàwó ọmọ rẹ̀ fún un:

"Ọdún kejì rèé tó ti dé láti Àgbádárìgì, kò gbọ́ Yorùbá. Ègùn ni ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ náà, oṣù mẹ́fà ló fi gbọ́ ọ. Olódo ni tiwa jàre. Tá a bá ti já ọmọ yìí lẹ́nu ọmú, Ògbómọ̀ṣọ́ ìlú mi ló ń bá mi lọ, kó má baà yadi bí ìyá rẹ̀."

Obìnrin tó wà níwájú wọn yíjú padà. "Màmá, ẹ má bínú, Ègùn lèmi náà. Iṣẹ́ wo ni ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ yẹn ń ṣe?"

"Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀? Ó ń kọ́ṣẹ́ irun ní Ìkọ̀tún."

"Ọ̀gá rẹ̀ á máa pè é lórúkọ láti àárọ̀ dalẹ́. Kí lẹ̀yin ń pe eléyìí nílé?"

"Ìyàwó."

"Ìyàwó mélòó ló wà nílé yín?"

"Mẹ́ta."

"Màmá, nígbà tí mo dé Èkó, bí òjò orí páànù ni Yorùbá ń ró létí mi. Orúkọ mi nìkan ni mò ń dá mọ̀ nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ ni mo ti ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí, tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ni etí kọ́kọ́ ń dì mú. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ìyá àgbà wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ títí. Ó gba káàdì àjẹsára ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wá orúkọ ìyá ọmọ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ta ni ẹ ń bá gbé tí ẹ kò tíì pè lórúkọ rí?