Bí Àwẹ̀ró Ṣe Rán Ètè Kòṣeémàní

Láyé ọjọ́un, nígbà tí igbá ṣì jẹ́ abọ́, tó jẹ́ ife, tó tún jẹ́ àpótí aṣọ, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ṣé òun ni ìyá ìyá bàbá mi, àbí ìyá bàbá ìyá mi? Ẹ má dá mi lóhùn, ẹ̀yin ọmọ, ó máa ń dà rú mọ́ mi lójú. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe agbo ilé yìí ní Ilé Aránigbá.

Igbá tó bá là ni Àwẹ̀ró máa ń rán. Á fi ọ̀bẹ họ etí ibi tó là títí á fi funfun, á fi òòlu lu ihò, á wá fi okùn tín-ín-rín rán an, rán an, rán an. Á bu omi sí i. Bó bá ṣì ń jò, á gbé e sókè sí oòrùn, á wo inú rẹ̀ bóyá ibòmíràn tún là. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, ibẹ̀ ni mò ń lọ.

Ó wá di ọjọ́ kan, Àmọ̀kẹ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀, bí ọmọkùnrin. Ètè òkè ọmọ náà là títí dé ìdí imú. Wọ́n gbé e sọ́mú, kò lè fà á. Wọ́n fún wàrà sí i lẹ́nu, wàrà gba imú jáde. Háà! Ẹnu ni wọ́n ń fún un sí, imú ló ń gbà jáde! Ọkọ ń wo ìyàwó, ìyàwó ń wo ọkọ. Ẹnì kan ní kí wọ́n dí i nímú. Wọ́n dí i nímú, ọmọ wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó ń rù lójú wọn. Bàbá rẹ̀ ò tiẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ mọ́, ó ní bó bá lọ ńkọ́, ta ni òun á máa fi orúkọ náà pè?

Àwẹ̀ró bá gba ilé Ògúnjìnmí lọ, olóòlà àdúgbò.

"Ìyá, ṣé ilà ni ẹ fẹ́ kí n kọ fún un?"

"Rárá o. Ètè rẹ̀ ni mo fẹ́ rán."

Ògúnjìnmí rẹ́rìn-ín títí. "Ìyá, ọmọ èèyàn kì í ṣe igbá o!"

"Mo mọ̀. Igbá kì í ké. Ìwọ ṣáà bá mi họ etí rẹ̀ méjèèjì, kí ojú ọgbẹ́ lè kan ojú ọgbẹ́."

Ògúnjìnmí fi abẹ gé e fẹ́ẹ́rẹ́, Àwẹ̀ró fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an. Ọmọ ń ké, Àmọ̀kẹ́ ń ké, Àwẹ̀ró náà ń ké, ṣùgbọ́n ó ń rán an lọ. Egbò san, ètè pàdé. Ìdùnnú gba ilé kan. Wọ́n gbé ọmọ sọ́mú. Wàrà tún gba imú jáde!

"Ìyá," ni Ògúnjìnmí wí, "igbá yín ń jò."

Orí Àwẹ̀ró dà rú. Ibi tó là, ó ti rán an. Kí ló tún kù? Ó wo ètè, ó wo imú, ó tún wo ètè. Láìmọ ohun tó ń ṣe, ó gbé ọmọ náà sókè sí oòrùn bó ṣe máa ń gbé igbá. Ọmọ la ẹnu, ó figbe ta. Àwẹ̀ró bá rí i! Àjà ẹnu ọmọ náà là láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi méjì ló là, ẹ̀yin ọmọ! Ti òde ni wọ́n rí, wọn ò rí ti inú.

Ògúnjìnmí wò ó, ó mi orí. "Abẹ mi ò lè dé ibẹ̀ yẹn, Ìyá. Ẹ̀jẹ̀ á dí i lọ́fun."

Àwẹ̀ró gbé ọmọ jókòó ṣánṣán sórí itan, bí ẹni gbé igbá nàró kí omi má baà dé ibi tó là. Ó fi igbá kékeré ro wàrà sí i lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́, díẹ̀, díẹ̀, díẹ̀.

"Ó gbé e mì!" ni Àmọ̀kẹ́ pariwo.

Ọjọ́ yẹn ni bàbá rẹ̀ tó sọ ọ́ ní Kòṣeémàní. Imú ló fi sọ̀rọ̀ títí ó fi darúgbó, ṣùgbọ́n ó darúgbó! Òun ló kọ́ ilé tí a jókòó sí yìí.

Nítorí rẹ̀ la ṣe ń gbé gbogbo ọmọ tuntun wa sí oòrùn, tí àgbà obìnrin á wo àjà ẹnu rẹ̀ ká tó pe orúkọ. Ẹ̀yin gan-an, èmi ni mo wò yín.

"Ìyá àgbà, ṣé èmi náà ké?"

O ké bí ewúrẹ́, ìwọ Ṣọpẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo wo Ìbíyẹmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín yìí. Ètè rẹ̀ ò là, àjà ẹnu rẹ̀ nìkan ló là. À ń bọ́ ọ níjòókòó títí dókítà fi ní ó tó iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní ẹran inú ẹnu rẹ̀ náà ni àwọn máa fi pa á dé. Mo ní, ibi tí ẹ ti máa mú un wá ńkọ́, ṣé ibẹ̀ ò ní jò? Dókítà ṣàlàyé, ó fi ọwọ́ júwe, mo ní ó yé mi. Kò yé mi títí dòní o! Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é, ó sì ti jiná.

Ó yá, ẹ gbé igbá Àwẹ̀ró wá, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ẹ bu omi sí i. Mu, Ìbíyẹmí, ọmọ Aránigbá, mu dáadáa. Ẹ sún mọ́ ọn, gbogbo yín, ẹ wo imú rẹ̀.

Ó gbẹ, àbí kò gbẹ?