Àdùkẹ́ Ò Ní Dùbúlẹ̀ Sínú Pósí

[Fóònù ń dún. Ìró tírélà tó ń kọjá.]

ÀDÙKẸ́: Tàńtí Fẹ́misí! Ẹ káàsán, mà.

TÀŃTÍ: Àdùkẹ́ mi! Káàsán, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé o ti jẹun? Àwọn onífíìmù yẹn, ṣé wọ́n fún ẹ ní nǹkan gidi—

ÀDÙKẸ́: Mo ti jẹun, mà. Tàńtí, níbo lẹ wà?

TÀŃTÍ: Mo wà... nítòsí.

ÀDÙKẸ́: Torí security ṣẹ̀ṣẹ̀ pe director wa. Ó ní obìnrin kan tó wọ scrubs, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, wà lẹ́nu géètì, pé kò fẹ́ kúrò.

TÀŃTÍ: [Ó rẹ́rìn-ín.] Wọ́n ti fẹjọ́ mi sùn? Èmi ni! Láti shift ní ọsibítù ni mo ti wá sí Hampton tẹ́ ẹ ti ń ya fíìmù yìí tààrà, mi ò tíì dé ilé ní Snellville. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀDÙKẸ́: Mo gbọ́. Kí ló dé, mà?

TÀŃTÍ: Dárasími ọmọ mi ló tú àṣírí. Ó ní ẹ jọ sọ̀rọ̀ lánàá, pé wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹ sínú pósí lónìí!

ÀDÙKẸ́: Áà, Tàńtí! Fíìmù ni!

TÀŃTÍ: Mo mọ̀ pé fíìmù ni! Nígbà tí o ṣe olè ní Paris, ta ló pàtẹ́wọ́? O ṣe sísítà ìjọ Àgùdà, mo fi han gbogbo choir wa. O kọrin, o darí fíìmù tìẹ, o tún fi ohùn ẹ ṣe ehoro inú cartoon. Ṣé mo bá ẹ jà? Ṣùgbọ́n pósí! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!

ÀDÙKẸ́: Tàńtí, ẹ—

TÀŃTÍ: A kì í fi ikú ṣeré!

ÀDÙKẸ́: Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣeré, Faransé ni gbogbo ẹ̀. Èyí ni fíìmù mi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ń sọ èdè màmá mi. Torí ẹ̀ ni mo ṣe gbà á. Tí oòrùn bá wọ̀ ká tó ya scene yìí, wọ́n máa yọ ọ́ kúrò ni.

TÀŃTÍ: Èdè wo ni òkú fẹ́ sọ?

ÀDÙKẸ́: [Ó rẹ́rìn-ín.] Kò ní sọ nǹkan kan. Ó máa gbọ́ ni. Àwọn èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ sísọ niṣẹ́ òṣèré. Rárá o. Gbígbọ́ ni. Ẹni tí ò bá lè gbọ́ ẹnìkejì ẹ̀, kó lọ máa ta mọ́tò.

TÀŃTÍ: [Ohùn ń já.] Fóònù yìí ń já! Ṣé o gbọ́ mi?

ÀDÙKẸ́: Mo ní gbígbọ́ ni!

TÀŃTÍ: Àdùkẹ́, ẹ̀rù ló ń bà mí. Visa mi ò tètè jáde nígbà tí màmá ẹ kú. Orí fóònù ni mo ti wo pósí ẹ̀gbọ́n mi. Ojú ẹ̀ gan-an lo sì gbé wá sáyé yìí. Mi ò lè wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

ÀDÙKẸ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, Tàńtí mi. [Ó mí kanlẹ̀.] Ẹ gbọ́. Obìnrin tó yẹ kó ki oríkì mi níbi pósí, ọmọ Atlanta níbí ni. Ó ń gbìyànjú, àmọ́ Yorùbá ò tíì dán mọ́rán lẹ́nu ẹ̀. Ẹ wọlé wá, ẹ bá wa kì í.

TÀŃTÍ: Ta ni? Èmi? Nínú fíìmù? Pẹ̀lú scrubs yìí?

ÀDÙKẸ́: Wọ́n máa wá aṣọ fún yín. Ohun tẹ́ ò rí sọ fún màmá mi, ẹ wá sọ ọ́.

TÀŃTÍ: Hmm. Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí mo bá pè ẹ́, o gbọ́dọ̀ dá mi lóhùn.

ÀDÙKẸ́: Òkú kì í dáhùn, Tàńtí!

TÀŃTÍ: Èmi náà ò kúrò ní géètì nìyẹn.

ÀDÙKẸ́: Ó dáa, ó dáa! Tẹ́ ẹ bá pè mí, mo máa mi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi. Camera ò ní débẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa rí i.

TÀŃTÍ: Ẹsẹ̀ ọ̀tún?

ÀDÙKẸ́: Ọ̀tún, mà.

TÀŃTÍ: Oga security! Open this gate, I am in the movie! [Géètì ń ṣí.] Àdùkẹ́, jẹ́ n dán an wò. Àdùkẹ́ o, ọmọ Ìbíyẹmí, ẹyinjú ìyá ẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi, mo dé o. Mo pẹ́, ṣùgbọ́n mo dé. [Ohùn tún ń já.] Àdùkẹ́? Ṣé o gbọ́ mi? Àdùkẹ́!

ÀDÙKẸ́: ...ń mì, Tàńtí! Ẹsẹ̀ mi ń mì—

[Ìpè já.]