Nítorí Orúkọ Sáfúrátù Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Adájọ́ ti ní kí wọ́n so mí rọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Mo pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n dá a nù. Ohun tó kù ni kí ẹni tó láṣẹ fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n sì wá pè mí. Olùkọ́ ni mí kí n tó di ẹlẹ́wọ̀n. N kò kọ èyí kí ẹ lè ṣàánú mi. Mo pa ọmọ ọlọ́mọ, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ọ̀nà tí mo gbà débẹ̀.

Sáfúrátù ni orúkọ ìyàwó mi. Ìsàlẹ̀ Èkó ni a ń gbé, ṣùgbọ́n Lafiaji ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, níbi tó ti ń fi máṣíìnì ṣe ọnà sí ọrùn agbádá. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wọ iṣẹ́ rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àìsàn mú un lọ, Múínátù ọmọ wa jókòó sídìí máṣíìnì náà, iṣẹ́ kò sì dúró.

Ní ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Alhaji Músílíù wá. Aláṣọ ni, òpópónà Adéníji Adélé ló ń gbé. Òun ló fẹ́ fẹ́ Sáfúrátù kí n tó dé. Ó sunkún lọ́jọ́ náà títí wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́. Èmi kò sunkún. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Mo wá gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn mi:

“Ẹ wo ẹkún ọkùnrin yẹn! Ọkọ rẹ̀ ló wá jókòó bí àlejò yìí?”

“Ìfẹ́ àtijọ́ ni, jàre. Ẹ fi í sílẹ̀.”

Èṣù kò kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ ìpànìyàn. Ohun tó fi lọ̀ mí kéré: ó ní kí n máa ṣọ́ Alhaji. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba Adéníji Adélé kọjá láìní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Bí mo bá rí aṣọ tí n kò mọ̀ nínú àpótí Sáfúrátù, mo máa ń gbé e dání, mo máa ń wò ó, mo máa ń bi ara mi pé ta ló fún un. Òkú ni mo ń jowú lé lórí. Ẹni tó lè dá mi lóhùn sì ti wà nínú ilẹ̀.

Ìgbà náà ni Íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Èkó. Ọmọkùnrin Ìjẹ̀bú kan, Wàsíù, ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nítòsí Tinúbú Square. Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì yìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ fi orúkọ kan sílẹ̀ ló ni ín, ẹlòmíràn kò sì lè lò ó mọ́. Wàsíù ti fi orúkọ àwọn oníṣòwò tó lókìkí sílẹ̀, kí ó lè tà á fún wọn. Múínátù fẹ́ kí àwọn ará òkè òkun lè rí iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ Wàsíù, ó sì bá orúkọ ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Ni mo bá lọ fúnra mi.

“Ta ló fún ọ láṣẹ lórí orúkọ ìyàwó mi?”

“Ẹ má bínú, Tíṣà. Ó yẹ kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni. Tí kì í bá ṣe èmi, òyìnbó kan ì bá ti máa fi ta bàtà.”

Ó pa mí lẹ́rìn-ín. A fohùn ṣọ̀kan, a sì lọ sọ́dọ̀ Àáfà àdúgbò wa. Wàsíù ní, “Mo tà á.” Mo ní, “Mo rà á.” Àáfà ṣe àdúrà, mo san àsansílẹ̀. Láàárín wa, ọjà ti tà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ná an mọ́. Ṣùgbọ́n páásíwọ̀ọ̀dù tí wọ́n fi ń ṣí orúkọ náà ṣì wà lọ́wọ́ Wàsíù, èmi kò sì rò pé ó ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí mo gbé owó tó kù wá, ó ń họrí.

“Tíṣà, ọ̀rọ̀ ti yí díẹ̀ o. Ẹnì kan tún fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí n dá owó yín padà.”

“Ohun tí a sọ níwájú Àáfà ńkọ́?”

“Ha, Tíṣà wa! Íńtánẹ́ẹ̀tì ò mọ Àáfà. Títí mo máa fi fún yín ní páásíwọ̀ọ̀dù, tèmi ṣì ni.”

Ó yẹ kí n gba owó mi, kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ń jẹ mí nínú já lẹ́nu mi:

“Ṣé Alhaji Músílíù ni?”

Ó wò mí. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìtumọ̀ ìwò yẹn: ìwò ẹni tí ọjà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbówó lórí ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ̀yin lẹ dárúkọ o, èmi ò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Alhaji mọ iyì obìnrin, àbí?”

Mo gba ilé lọ. Mo ń rí Alhaji lọ́kàn mi, tó ń fi orúkọ Sáfúrátù han gbogbo ayé bí ẹni pé òun ló fẹ́ ẹ. Múínátù ní, “Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká lo orúkọ mìíràn. Màámi ò sí nínú kọ̀ǹpútà.” Mo jágbe mọ́ ọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo padà síbẹ̀. Iná ti lọ. Wàsíù ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Mo ní kó kọ páásíwọ̀ọ̀dù náà fún mi.

“Ẹ lọ bá Alhaji du orúkọ náà, Tíṣà. Ó jọ pé ẹ ti ń bá a du obìnrin náà tipẹ́.”

Sítébúláísà, irin wíwúwo tí wọ́n fi ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, wà lórí tábìlì. Mo gbé e. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tí mo gbé e sókè. N kò lè kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé mi dé kóòtù ni ìyá Wàsíù máa ń wá. Kò bú mi rí. Ọwọ́ mi nìkan ló máa ń wò.

Wọ́n pe Alhaji láti jẹ́rìí. Ó ti darúgbó ju bí mo ṣe ń rí i lọ́kàn lọ.

“N kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní orúkọ orí kọ̀ǹpútà,” ló wí. “Ọmọ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ rí. Sáfúrátù kọ̀ mí nígbà èwe wa, mo sì gbà. Kí ni mo tún fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣe?”

Àwọn ọlọ́pàá wádìí, wọn kò rí ẹlòmíràn tó fẹ́ ra orúkọ náà. Wàsíù kàn fẹ́ kí owó lé sí i ni. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi fún un ní ẹni tí yóò fi máa dẹ́rù bà mí. Múínátù ti yọ pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sí níwájú ṣọ́ọ̀bù kúrò báyìí, nítorí àwọn ènìyàn ń dúró níbẹ̀ láti tọ́ka sí i pé orúkọ tí wọ́n torí rẹ̀ pààyàn nìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹni tó tà fún yín bá yí ohùn padà, ẹ gba owó yín, kí ẹ fi ìbínú sílẹ̀ fún un. Bí owú bá sì ń jẹ yín, ẹ má ṣe dá a gbé. Ẹ wá ẹnì kan tó lè fi yín rẹ́rìn-ín, kí ẹ sọ ọ́ fún un. Ojú yóò tì yín, ìtìjú náà yóò sì kọjá. Owú tí èmi gbé mì ló pa Wàsíù.